Abẹ̀bẹ̀ Tí Kò Ní Ìrù

Ìyá àgbà náà kò fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ idẹ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì àwọn ọlọ́pàá, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró bí ẹni tó ṣèèṣì fọwọ́ tẹ ìgbẹ́ adìyẹ, ó sì kọ ẹ̀yìn sí i.

"Èyí kọ́ ni tiwa," ó ní. "Ìrù ẹ̀ dà?"

Àwọn ọlọ́pàá méjì tó wà nídìí tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan di ọwọ́ abẹ̀bẹ̀ náà mú, ó ń mì í. "Màmá, ìrù rèé o! Àbí ìrù ẹṣin lẹ ń wá ni?"

Ifáníkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ògiri, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ wà lórí itan, ìka ìyá àgbà náà ló ń wò. Ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń rìn lórí ìró, ó ń yí po, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń yí po, bí ẹni tó ń kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀, ìyá náà kò mọ̀wé rárá.

Ọ̀ṣungbèmí ni orúkọ ìyá náà. Abúlé kan ló ti wá, lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀yìn Adigbe lọ sóko, níbi tí ìdílé wọn ti ń gbin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ti ń bọ Ọ̀ṣun láti ìgbà ìyá ìyá rẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ idẹ ni wọ́n máa ń gbé lọ sódò lọ́dọọdún. Orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fín sí i lójú, orúkọ kan náà tí òun ń jẹ́: ỌṢUNGBEMI. Nígbà tí orúkọ náà fẹ́ máa pa rẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ gbé abẹ̀bẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Jedidiah, ọ̀gá kan tó ń fín idẹ ní Òkè-Ìlewó, pé kó bá wọn tún un gé kó jinlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò níbẹ̀. Àná ló padà dé lórí ọ̀kadà, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Ohun tó padà dé sì nìyí lórí tábìlì: ó ń dán yànrànyànràn, irin sì ti ha á lójú níbi méje.

Jedidiah ti sọ tẹnu rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ó ní abẹ̀bẹ̀ wọn náà ni. Ó ní Àyànfẹ́, obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun, ló yọ́ mú un fi dánra wò nígbà tí òun kò sí ní ṣọ́ọ̀bù, ó fi pépà oníyanrìn bó o lára, ó sì jẹ́ kí irin yọ̀ káàkiri ojú rẹ̀. Nítorí náà ni Àyànfẹ́ ṣe sun àtìmọ́lé mọ́jú. Aláró ni tẹ́lẹ̀. Kẹ́míkà ló bó o lọ́wọ́ tó fi sá fún aró, tó wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fín idẹ. Oṣù mẹ́rin péré ló lò lẹ́nu ẹ̀. Aago méjì ọ̀sán ni wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́. Bí ẹjọ́ yìí bá lẹ̀ mọ́ ọn, kò sẹ́ni tí yóò tún gbé irin lé e lọ́wọ́ mọ́ ní gbogbo Abẹ́òkúta.

Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni kí wọ́n pè, Ifáníkẹ́ ló dárúkọ. Ọdún méjìlélógún ni Ifáníkẹ́ ti ń fín bàbà àti idẹ ní Adigbe. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun àti irin ni wọ́n jọ jà títí wọ́n fi mọ ìwà ara wọn. Òun náà ló kọ́kọ́ kọ́ Àyànfẹ́ bí wọ́n ṣe ń di irin mú, ní Sátidé Sátidé, kí Àyànfẹ́ tó lọ síwájú ní Òkè-Ìlewó.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Dìran jáde láti inú ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ifáníkẹ́ ti bá a tú ọ̀rọ̀ tó dojú rú, ọ̀kan lórí òǹtẹ̀ ayédèrú, èkejì lórí òrùka ìgbéyàwó. Ó mọ ohun tí ojú obìnrin yìí lè rí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì kọjú sí.

"Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ẹ wá wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín o, ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ ẹnu lásán lẹ máa fi gbè é, adájọ́ ò ní gbà."

"Èmi náà ò fẹ́ràn ẹnu lásán. Gbé nǹkan yẹn wá."

Ó gbé e sún mọ́ imú kó tó gbé e sún mọ́ ojú. Ó yí imú pa dà. Òórùn nǹkan tí wọ́n fi ń dán idẹ ni, kíkan tó ń gún ni lọ́fun. Idẹ tí odò ti fọ̀ fún ohun tó ju ọgọ́rin ọdún lọ, tí òróró àti oyin ti wọ̀ lára, wọ́n wá sọ ọ́ di ṣíbí òtẹ́ẹ̀lì. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n bó o, ìwà ẹlẹ́gbin ni. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ̀gbin náà tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mú Àyànfẹ́ wá," ó ní.

*

Ojú Àyànfẹ́ ti wú. Ó kúnlẹ̀ kí Ifáníkẹ́.

"Dìde. Na ọwọ́ òsì rẹ."

Ifáníkẹ́ tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpá pọ̀ níbẹ̀, àpá gbígbẹ. Kò sí ẹyọ kan tó tutù.

"Ìgbà wo ni irin gún ọ kẹ́yìn?"

"Ó ti ju oṣù kan lọ, Ma. Láti ìgbà tí ẹ ti ní kí ọwọ́ òsì má ṣe jókòó síwájú irin mọ́."

"Kí lò ń gé lọ́dọ̀ Jedidiah?"

"Bàbà nìkan, Ma. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kan idẹ kí n tó gé ẹgbẹ̀rún ilà gbọọrọ sórí bàbà. Ẹ ní bàbà ń dárí jini, idẹ kì í dárí jini."

"Ṣé o ti gé e pé?"

"Ó ku díẹ̀, Ma."

"Mélòó ni díẹ̀?"

Àyànfẹ́ wolẹ̀. "Ọ̀ọ́dúnrún."

Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín.

"Abẹ̀bẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fọwọ́ kàn án, Ma, lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Mo gbé e fún ọ̀gá. Lọ́jọ́ kejì ọ̀gá ní kí n lọ sinmi nílé fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Jedidiah ní kí o sinmi?"

"Èmi náà dúpẹ́ dúpẹ́, Ma. Ọ̀gá tí kì í fún èèyàn láàyè kó lọ tọ̀."

Ifáníkẹ́ tú àpò rẹ̀. Ó yọ bàbà pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó yọ àpò iyẹ̀pẹ̀ kékeré tó máa ń gbé iṣẹ́ lé, ó yọ irin ìfín kan tí Àyànfẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n sílẹ̀ ní Adigbe. Ó fi ẹnu irin náà kan èékánná àtàǹpàkò rẹ̀. Irin náà dúró síbẹ̀, kò yọ̀. Ó ti mú nìyẹn. Ó nà án sí Àyànfẹ́.

"Gé Ọ̀ kan fún mi."

"Níbí, Ma? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Jẹ́ kó gbọ̀n."

Àyànfẹ́ fi pẹ́ńsù ya òbìrí náà ná, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gbé ìdí irin sí àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ àtàǹpàkò lé bàbà kó lè máa fi dá irin dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ó lọ dáadáa títí ó fi dé ibi tí ó ti yẹ kó yí. Ó yẹ kó máa yí bàbà lórí àpò iyẹ̀pẹ̀ kí ọwọ́ tó di irin má kúrò níbì kan. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọlọ́pàá wà lára rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ọwọ́ ló yí dípò bàbà. Irin bọ́. Ó fò kúrò lórí òbìrí náà fíì, ó sá gba ojú bàbà kọjá.

"Ẹ ò rí i!" Ọlọ́pàá tó ń rẹ́rìn-ín fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ó ti ṣe é níṣojú wa! Òun náà ni!"

Àyànfẹ́ bú sẹ́kún. Dìran mí kanlẹ̀. "Màmá, ẹ ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ fún un."

Ifáníkẹ́ gba bàbà náà lọ́wọ́ ẹni tó ń sunkún, ó wé e sínú aṣọ bí ẹni tó rí góòlù he. "O ṣeun," ó sọ fún un. "Ohun tí mo ń wá gan-an lo fún mi yẹn."

*

Dìran ní òun ní èrò kan. Àwọn ọlọ́pàá máa ń ní èrò kan.

"Tí ìyá bá ní kì í ṣe tiwọn, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Ta ló gbé e dé abúlé? Waheed ọlọ́kadà. Wọ́n ní ó dúró fún wákàtí kan lọ́nà. Ó lè ti pààrọ̀ rẹ̀."

Wọ́n mú Waheed wọlé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀lù tó ti ṣá, ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ti rí.

"Ibo lo dúró sí lánàá?" Dìran bi í.

"Mo kírun, sà."

"Ìrun wákàtí kan? Ìrun ọdún ni?"

"Mo tún jẹ ẹ̀wà díẹ̀, sà. Wàláì, ẹ̀wà yẹn ló fa á. Obìnrin tó ń tà á kì í tètè dáni lóhùn."

"Nígbà tó o dé abúlé, ta ló tú ẹrù náà?" Ifáníkẹ́ ló béèrè.

"Ìyá yẹn ni, Ma. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi gé okùn. Ọ̀gá onídẹ ti fi téèpù ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ̀ ẹ́ yíká, pẹ̀lú òǹtẹ̀ wọn. Wọ́n ní tí mo bá tú u wò, àwọn máa mọ̀."

"Jẹ́ kó máa lọ," Ifáníkẹ́ sọ fún Dìran. "Téèpù kò já. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà mẹ́sàn-án ló wà lójú idẹ yẹn. Kò sẹ́ni tó lè fi wákàtí kan fín in, ká má tíì sọ ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà."

Waheed tún dọ̀bálẹ̀, ó sì sá lọ kí ẹnikẹ́ni tó yí èrò pa dà.

Ifáníkẹ́ lọ jókòó ti ìyá àgbà náà. Ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ìrù tí ẹ ń wí, níbo ló wà? Ẹ fi hàn mí níbí."

Ìyá náà wò ó dáadáa, bóyá yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó rí i pé kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ó gbé ìka rẹ̀ lé àtẹ́lẹwọ́ Ifáníkẹ́. Ó ya òbìrí kan. Lábẹ́ òbìrí náà, ó fa ilà kékeré kan sísàlẹ̀.

"Ìrù rèé. Ẹni àkọ́kọ́ ní ìrù. Ẹni kejì tó lọ́ bí ejò, òun náà ní ìrù. Àwọn tó kù ò ní. Láti kékeré ni mo ti ń fi ìka tọ̀ ọ́ tí wọ́n bá gbé e fún mi dì mú lọ́nà odò. Orúkọ mi ni. Ṣé mi ò wá ní mọ ara orúkọ mi ni?"

Àwọn tó kọ́kọ́ kàwé nílẹ̀ Ẹ̀gbá, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń fi àmì róbótó sábẹ́ Ọ àti Ṣ. Àwọn mìíràn máa ń fa ilà kékeré síbẹ̀ ni. Ẹni tó fín orúkọ náà sára abẹ̀bẹ̀ nígbà náà, ọwọ́ àwọn wọ̀nyẹn ló ń kọ. Ó dìde, ó gbé abẹ̀bẹ̀ orí tábìlì, ó wo abẹ́ Ọ, ó wo abẹ́ Ṣ. Àmì róbótó méjì ló wà níbẹ̀, mèremère, bí ojú ẹja.

"Dìran, wá wò ó. Ìrù tí ẹ fi ń fi ìyá rẹ́rìn-ín nìyí. Kò sí níbẹ̀."

"Ẹni tó tún un gé lè ti sọ ilà di àmì róbótó."

"Báwo? Ilà ti wọ inú idẹ. O ò lè fi ọwọ́ nù ún kúrò. Àfi kí o fá ojú idẹ náà títí ilà fi tán. Tí o bá fá a, ibẹ̀ á jìn kòtò, á sì fẹ́lẹ́ ju ibi yòókù lọ. Fọwọ́ tọ́ ọ. Ṣé ọwọ́ rẹ bọ́ sí kòtò kankan?"

Dìran fọwọ́ tọ́ ọ. Ó tún fọwọ́ tọ́ ọ. "Rárá. Ó dọ́gba."

"Idẹ tuntun ni. Wọ́n fi ìtànjẹ rán ìyá àádọ́rin ọdún padà sóko."

"Àádọ́rùn-ún," ìyá náà sọ láti orí bẹ́ǹṣì.

"Ẹ má bínú, Màmá. Àádọ́rùn-ún."

Dìran ń họ orí. "Ó dáa. Kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ta ló fín in? Jedidiah á ní Àyànfẹ́ ló pààrọ̀ rẹ̀. Irin tó yọ̀ níbi méje, ṣé ọwọ́ ọ̀gá ni irin ti ń yọ̀?"

"Aago mélòó?"

"Mọ́kànlá kọjá."

"Jẹ́ ká lọ sí Òkè-Ìlewó. Mú Àyànfẹ́ àti ìyá dání. Má sọ fún ọkùnrin yẹn pé abẹ̀bẹ̀ ò ní ìrù. Jẹ́ kí n bá a ṣeré díẹ̀."

*

Ṣọ́ọ̀bù Jedidiah wà láàárín báǹkì kan àti ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Wọ́n kọ ÀÀFIN IṢẸ́ ỌNÀ síta. Nínú rẹ̀, ife ẹ̀yẹ àti pátákó ìdánilọ́lá kún ògiri. Jedidiah wọ kaftani funfun láàárín òwúrọ̀ iṣẹ́, èyí nìkan ti tó láti mú kí Ifáníkẹ́ yínmú. Ẹni tó ń fi ọwọ́ fín idẹ kì í wọ funfun.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ẹni iyì!" Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Ọkàn mi gbọgbẹ́. Ohun tí ọmọ yìí ṣe sí ogún àwọn baba ńlá wa, omijé ni mo fi ń jẹun láti àná. Iṣẹ́ ọnà ni èémí ìran wa, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀..."

"Ẹ kú iṣẹ́," Ifáníkẹ́ gé e kúrú. "Ìnsípẹ́kítọ̀ ni kò tíì yé. Ó ní òun ò mọ bí irin ṣe ń yọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù. Ẹ bá wa ṣe é kó rí i, bí ọmọ yẹn ṣe bà á jẹ́."

Ó mú bàbà mìíràn jáde. Inú Jedidiah dùn. Ó ká ọwọ́ kaftani sókè, ó mú irin tirẹ̀ láti inú àpótí onífẹ́lífẹ́ẹ̀tì, ó jókòó.

"Ẹ wò ó, Ìnsípẹ́kítọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, á máa gé bọ̀, wéré, ó lọ!" Irin rẹ̀ sáré lórí bàbà. "Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ tún wo òmíì. Wéré! Ó lọ!"

"Ẹ tún ṣe ọ̀kan sí i," Ifáníkẹ́ sọ. "Kó dá a lójú."

"Wéré!" Jedidiah ń rẹ́rìn-ín. "Ó lọ!"

Ifáníkẹ́ gba bàbà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dúpẹ́. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Ó to nǹkan mẹ́ta sórí rẹ̀: bàbà tí Àyànfẹ́ gé lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, bàbà tí Jedidiah gé báyìí, àti abẹ̀bẹ̀. Ó fún Dìran ní jígí rẹ̀ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá.

"Kọ́kọ́ wo ti Àyànfẹ́. Kí lo rí?"

"Ó jinlẹ̀ níbí... ó wá ń tín-ín-rín lọ... títí ó fi parẹ́."

"Ìrù eku nìyẹn. Ìdí rẹ̀ nípọn, ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín. Irin ń gé lọ́wọ́, ó já bọ́, ó ń sá lọ títí agbára rẹ̀ fi tán. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Níbi tí òbìrí ti yí."

"Ibẹ̀ náà ni gbogbo wọn ti máa ń bọ́, torí ọwọ́ ni wọ́n ń yí dípò iṣẹ́. Mi ò tíì rí akọ́ṣẹ́ tí irin kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ lọ́wọ́ lórí ilà gbọọrọ. Wo inú rẹ̀. Ṣé ó ń dán?"

"Ó ṣókùnkùn. Ó rí wúruwùru."

"Ẹnu irin rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta dán ikùn irin. Ọdún kan ló ń gbà. Wá wo ti Ọ̀gbẹ́ni Jedidiah."

Dìran bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. "Ó tín-ín-rín níbẹ̀rẹ̀. Ó jinlẹ̀ láàárín. Ó tún tín-ín-rín lópin. Ó ń dán bíi dígí."

"Ewé eéran nìyẹn. Ọwọ́ tó ti mọ̀ ọ́n ló ń gé bẹ́ẹ̀. Ó ń wọlé jẹ́jẹ́, ó ń jáde jẹ́jẹ́, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ọwọ́ tó ti gbọ́n kò lè padà di òpè, bí olówó rẹ̀ tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Wá wo ibi méje tí irin ti yọ̀ lójú abẹ̀bẹ̀."

Níta, ẹnì kan ń polówó omi tútù. Dìran wo àkọ́kọ́, ó wo èkejì, ó wo gbogbo wọn tán. Nígbà tó gbé ojú sókè, kò wo Ifáníkẹ́ mọ́. Jedidiah ló ń wò.

"Ewé eéran," ó ní. "Méjèèje. Orí ilà gbọọrọ ni gbogbo wọn sì wà."

"Ìyẹn... ẹ jọ̀ọ́, èrò lásán ni ìyẹn," Jedidiah sọ. Ó ti gbàgbé láti rẹ́rìn-ín. "Ẹ fi ewé àti eku ṣe ẹ̀rí? Ẹ tú ṣọ́ọ̀bù yìí. Ẹ tú u! Tí ẹ bá rí abẹ̀bẹ̀ mìíràn níbí, kí ẹ fi mí sẹ́wọ̀n."

Ọlọ́pàá méjì tú u. Wọ́n tú àpótí, wọ́n tú dúrọ́ọ̀, wọ́n ṣí ẹ̀yìn pátákó ìdánilọ́lá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gun àjà. Kò sí nǹkan kan. Aago kan ti fẹ́ lù. Jedidiah ti jókòó, ó ká ẹsẹ̀ léra. Àyànfẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di apá ìyá àgbà mú.

Ifáníkẹ́ kò bá wọn tú nǹkan kan. Igun ṣọ́ọ̀bù ló ń wò, lẹ́yìn fáìsì ńlá tí wọ́n fi ń fún iṣẹ́ mú, níbi tí wọ́n kó irinṣẹ́ àtijọ́ sí. Eruku bo gbogbo rẹ̀ tí èèyàn lè fi ìka kọ orúkọ sí i. Láàárín wọn ni bàsíà irin kan wà tó kún fún ọ̀dà dúdú, irú èyí tí àwọn onídẹ máa ń ri iṣẹ́ mọ́ kó má bàa mì.

"Ọ̀dà lẹ fi ń di iṣẹ́ mú?" ó bi Jedidiah.

"Láyé àtijọ́. Mi ò fọwọ́ kàn án láti ọdún tó kọjá. Fáìsì ni mò ń lò."

"Àyànfẹ́, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Ma. Mi ò rí i kí wọ́n lò ó rí."

Ifáníkẹ́ rìn lọ síbẹ̀, ó tẹ̀ ba. Ọ̀dà tí wọ́n ti lò kún fún ojú: ìdí ife, etí àwo, àpá gbogbo ohun tí wọ́n ti rì mọ́ ọn rí. Ó sì máa ń là, eruku á wọ inú lílà náà. Ojú ọ̀dà yìí tẹ́jú bí omi àmù. Kò sí eruku lórí rẹ̀. Ó fi ìka kàn án, ó gbé ìka sí imú, ó sì tutọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìsì ṣọ́ọ̀bù náà, kò tọrọ àforíjì.

"Dìran. Ọ̀dà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn láti ọdún tó kọjá, ta ló yọ́ ọ lórí iná lọ́sẹ̀ yìí?"

Jedidiah dìde. Ọlọ́pàá kan tẹ̀ ẹ́ jókòó pa dà.

Wọ́n gbé bàsíà náà sórí sítóòfù kẹrosíìnì. Òórùn ọ̀dà gbóná gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ta fóònù jáde wá wòran, wọ́n di imú. Nígbà tí ọ̀dà rọ̀, Ifáníkẹ́ ti pínsà bọ inú rẹ̀, ó wá a kiri, ó dì í mú. Ohun tó fà jáde dúdú, ó ń kán tótótó bí ohun tí wọ́n yọ nínú ṣáláńgá. Ó gbé e kalẹ̀ kó tutù, ó bu kẹrosíìnì sí àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Àwọ̀ idẹ àtijọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ oyin tó ti pẹ́.

"Ẹ gbọ́ mi," Jedidiah bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti padà di ti ìwàásù. "Ní abúlé yẹn, ta ló ń rí ẹwà rẹ̀? Mo fẹ́ kí gbogbo àgbáyé rí i. Ẹni tó fẹ́ rà á, ó mọyì àṣà wa, gíláàsì ni yóò gbé e sí..."

"Pa ẹnu rẹ mọ́." Láti ìgbà tó ti wọlé, 'ẹ' ni Ifáníkẹ́ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù gbọ́ bó ṣe yí i pa dà. "O jí orúkọ ìyá onìyá. Ìyẹn ò tó ọ. O tún ya àṣìṣe sójú idẹ, o fi sọrí obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ. Èmi fúnra mi ti ba idẹ jẹ́ ju bó o ṣe lè kà lọ, àṣìṣe mi ni mo sì fi mọ̀ ọ́n. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè jí lọ́wọ́ akọ́ṣẹ́, àṣìṣe rẹ̀ lo rí jí? Dìran, mú un kúrò lọ́dọ̀ mi. Ó ń rùn ju ọ̀dà lọ."

Dìran mú un. Kaftani funfun náà ti kan ọ̀dà lápá kan.

Ìyá Ọ̀ṣungbèmí ti dé ìdí tábìlì. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó sún. Ó gbé ìka rẹ̀ lé ojú idẹ náà, ibi tí kẹrosíìnì ṣì tutù lórí rẹ̀. Ìka náà yí po lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró níbẹ̀.

"Ìrù rèé," ó ní.

Àyànfẹ́ ń sunkún láìpariwo. Ìyá náà yí sí i, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí aró bó, tí irin gún. "Ìwọ ni kó o bá mi tún un gé," ó sọ. "Kó jinlẹ̀."

Àyànfẹ́ wo Ifáníkẹ́. Ifáníkẹ́ ń fi ọṣẹ àti yanrìn họ ọwọ́ nínú garawa, ó họ ọ́ títí ó fi pọ́n, ó gbé e sí imú, ó tún ki í bọ omi.

"Kò tíì tó o, Màmá," ó sọ. "Ó ku ọ̀ọ́dúnrún ilà. Idẹ kì í dárí jini." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó yọ bàbà tí irin ti yọ̀ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá láti inú aṣọ, ó na ẹ̀yìn bàbà náà, tí irin ò tíì kàn, sí Àyànfẹ́. "Wá sí Adigbe lọ́la. Kí o máa yí bàbà. Má yí ọwọ́."